Ta Ni Ó Ni Àkọsílẹ̀ Ẹ̀rọ?

Bí onímọ̀-ẹ̀rọ bá kọ́ kọ̀ǹpútà fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn pé ẹni náà ni ó ni ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ìwé tí onímọ̀ náà kọ bí iṣẹ́ ti ń lọ: ohun èlò tí ó lò, bí ó ti so wáyà pọ̀, èyí tí ó jóná àti èyí tí ó dúró? Ṣé ó lè pa á mọ́ fún ara rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ti dé ọrùn àwọn kan rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba.

Tommy Flowers, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Dollis Hill, Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe olórí àwọn tí ó kọ́ Colossus. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944 ni èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bletchley Park, tí wọ́n ń fi í tú àṣírí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀gágun Jámánì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Fáàfù onígíláàsì, irú ti inú rédíò àtijọ́, tó bí 1,600 nínú rẹ̀. Àwọn kan tí ó yẹ kí ó mọ̀ ti sọ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní í dúró; Flowers ní bí a kò bá ti ń pa á tàn án, yóò dúró. Ó sì dúró. Mẹ́wàá ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ogun parí ní 1945. Nígbà náà ni àṣẹ dé: kí wọ́n tú mẹ́jọ palẹ̀, kí wọ́n sì pa àkọsílẹ̀ run. Flowers kó ìwé tirẹ̀, ó dà wọ́n sínú iná ìléru. Ó ti búra, ó sì mú un ṣẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé ENIAC jáde ní 1946, tí ayé ń pàtẹ́wọ́, kò lè la ẹnu rẹ̀. Àwọn ọdún 1970 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí tú àṣírí náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí Tony Sale dáwọ́ lé títún Colossus kọ́ ní 1993, kí ni ó rí? Fọ́tò mẹ́jọ tí wọ́n yà ní 1945, ìrántí àwọn àgbàlagbà, àti àjákù àwòrán wáyà tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ kan ti fi pamọ́ lòdì sí òfin. Ní 1996 ẹ̀rọ náà tàn lójú Flowers fúnra rẹ̀, ó ku ọdún méjì kí ó dágbére fáyé.

Ǹjẹ́ a ó wá yin àwọn tí kò jó ìwé tiwọn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ awo ṣeré: ẹ̀mí ènìyàn ni ìbúra yẹn dáàbò bò, bí olúkúlùkù bá sì ń fúnra rẹ̀ yan ọjọ́ tí ìbúra parí, ìbúra ti di yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ Sale ti dá wọn láre ń pe orí ire ní ìwà rere. Wọn kò mọ̀ pé Sale yóò wá. Síbẹ̀, wọn kò ta ìwé náà, wọn kò fi han ọ̀tá, wọn kò sọ̀rọ̀. Iná nìkan ni wọ́n kọ̀. Àṣẹ náà ni ó da ohun méjì pọ̀: kí a fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀tá, àti kí a pa á rẹ́ mọ́ ọmọ tí a kò tí ì bí lójú. Ìjọba lè pàṣẹ ti àkọ́kọ́. Ti èkejì kò yẹ kí ó wà ní ìkáwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó fi pamọ́ jẹ̀bi ìbúra, wọn kò jẹ̀bi iṣẹ́ wọn. Flowers sì jẹ́ olóòótọ́ tí wọ́n fi òótọ́ rẹ̀ jẹ níyà.

Kì í sì í ṣe àṣẹ nìkan ní í pa àkọsílẹ̀. Kò sí awo kankan nínú EDSAC ti Yunifásítì Cambridge, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún 1949, tí wọ́n sì pa tì ní 1958. Ní 1959 ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀-ẹ̀rọ kan rí àwọn àwòrán wáyà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín ẹrù tí wọ́n fẹ́ dà nù. Ẹnikẹ́ni kò bínú sí wọn. Wọn kò kàn wúlò mọ́ ni. Ó kó wọn lọ nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa kó nǹkan jọ. Ní 2014 ìròyìn kàn pé ó ti fi 19 lé àwọn tí ó ń tún EDSAC kọ́ ní Bletchley Park lọ́wọ́. Ojú inú ni àwọn wọ̀nyí ti fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà títí di ìgbà yẹn. Àwòrán náà sì fi hàn pé wọn kò ṣìnà.