Ẹni Tí Ó Dìde Kí Eré Tó Parí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn ti oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lásán lójú àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù wò ó, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ pápá bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní ayé òde òní, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí a ti kọ́kọ́ kọ òfin eré náà sílẹ̀ ní ọdún 1863, a máa ń rí i pé nígbà tí eré bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó parí, àwọn òǹwòran a bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ná, lẹ́yìn náà ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, títí odidi ìlà ìjókòó yóò fi ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni rẹfirí kò tíì fọn fèrè ìkẹyìn. Owó ara wọn ni wọ́n fi ra ìwé ìwọlé. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú wọn wá, kò sì sí òfin tí ó ní kí wọ́n má lọ. Èéṣe, nígbà náà, tí àwọn ẹlòmíràn fi ń bá wọn wí? Ǹjẹ́ òǹwòran jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kan tí owó ìwé ìwọlé kò lè san?

Kí a tó dá ènìyàn lẹ́jọ́, ó tọ́ kí a gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Ìdí èkíní tí wọ́n máa ń sọ ni ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀kẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ènìyàn bá jáde kúrò ní ibì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, ojú títì a dí, ibùdókọ̀ rélùwéè a kún, ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà a sì pẹ́ lórí ìdúró kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Ìdí kejì ni àkókò. Láti ìgbà tí ìdíje Premier League ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, tí owó tẹlifíṣọ̀n sì di ohun ńlá nínú eré náà, a kì í gbá gbogbo eré ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sátidé mọ́ gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Òmíràn a bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí baba tí ó mú ọmọ kékeré wá bá dìde, tàbí obìnrin tí iṣẹ́ òru ń dúró dè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u. Ṣùgbọ́n ìdí kẹta ni ó kan ọ̀ràn wa gan-an: ọ̀pọ̀ ń lọ nítorí pé ẹgbẹ́ wọn ń pàdánù, ìrètí sì ti pin lọ́kàn wọn.

Èsì tí a sábà máa ń fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni pé a kò mọ ohun tí ìṣẹ́jú kan lè mú wá. Àwa ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀rí èyí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 1996, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ wa pàdé Bràsíìlì nínú ìdíje Òlíḿpíìkì. Bràsíìlì ní góòlù mẹ́ta, àwa ní ẹyọ kan, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di ìṣẹ́jú 78 tí Victor Ikpeba gbá èkejì wọlé. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, Nwankwo Kanu sọ ọ́ di mẹ́ta sí mẹ́ta, òun náà ni ó sì gbá ẹ̀kẹrin nínú àkókò àfikún, tí eré fi parí. Ẹni tí ó bá dìde ní ìṣẹ́jú 75 yóò gbé ìròyìn òdì lọ sílé. Bákan náà ni ó rí ní Barcelona ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, ọdún 1999, nígbà tí Bayern Munich àti Manchester United ń du ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Bayern ti ń borí láti ìṣẹ́jú kẹfà. Lennart Johansson, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù nígbà náà, dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀ lọ múra àtifi ife náà fún wọn. Kí ó tó dé inú pápá, Manchester ti gbá góòlù méjì wọlé, ó sì ya ọkùnrin náà lẹ́nu pé àwọn tí òun rò pé wọ́n borí ni ó ń sunkún.

Àwọn ìtàn wọ̀nyí dùn, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìdí fún ìdúró, wọn kò tó. Ní ọjọ́ púpọ̀, ẹgbẹ́ tí ó ń pàdánù ní ìṣẹ́jú 80 ni yóò pàdánù náà ní ìṣẹ́jú 90. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ìyanu nìkan ni a fi yẹ kí ènìyàn dúró, a jẹ́ pé ẹni tí ó lọ ni ó mọ ìṣirò jù, nítorí ó fi ìrètí tín-ín-rín sílẹ̀, ó sì rí ọkọ̀ wọ̀ ní kíákíá. Èsì yìí ń kọ́ òǹwòran láti dúró nítorí èrè ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń ta tẹ́tẹ́. A ní láti wá ìdí tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ìlú kan ṣoṣo, kí a sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Ìlú náà ni Liverpool, orúkọ pápá rẹ̀ sì ni Anfield. Àwọn òǹwòran ibẹ̀ ní òkìkí púpọ̀ nípa ìdúróṣinṣin. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 2015, ẹgbẹ́ Crystal Palace wá bá wọn níbẹ̀. Eré náà wà ní ọ̀kan sí ọ̀kan títí di ìṣẹ́jú 82, nígbà tí Scott Dann gbá góòlù kejì sínú àwọ̀n Liverpool. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti àfikún. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Jürgen Klopp, ará Jámánì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ ẹgbẹ́ náà ní oṣù tí ó ṣáájú, yíjú padà, ó sì rí wọn tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn eré, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé ó dàbí ẹni pé òun nìkan ni ó kù ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n kò di gbogbo ẹ̀bi lé wọn lórí. Ó ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ òun pàápàá ni láti máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi ní í lè dìde kí fèrè ìkẹyìn tó dún.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí. Ohun tí àwọn tí ó lọ lè pàdánù kọ́ ni ó kọ́kọ́ ká a lára, bí kò ṣe ti ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn baba wa a máa wí pé ènìyàn ni aṣọ. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí: àwọn tí ó wá jókòó tì í kò jí òkú dìde, wọn kò sì san gbèsè rẹ̀, síbẹ̀ bí wọn kò bá wá, ìhòòhò ni ó wà. Wíwà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́. Ẹni tí ó jókòó nínú pápá kì í ṣe oníbàárà nìkan tí ó ra ọjà, tí ó sì lè jù ú nù nígbà tí ó bá wù ú. Òun pẹ̀lú jẹ́ apá kan ohun tí ó wá wò. Bí a bá kó gbogbo òǹwòran kúrò, ohun tí yóò kù jẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe eré kan náà mọ́. Gbogbo ayé rí èyí ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí a máa gbá bọ́ọ̀lù nínú pápá òfìfo, tí a sì ń gbọ́ ohùn àwọn agbábọ́ọ̀lù bí wọ́n ti ń pe ara wọn.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Ǹjẹ́ àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù tí a ń san owó rẹpẹtẹ fún lọ́sẹ̀ nílò ìtùnú lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan?" Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìdáhùn wa ni pé kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù nìkan ni a ń jẹ ní gbèsè. Ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ àti òun ni ẹ jọ kọrin nígbà tí nǹkan dára. Nígbà tí ó burú, o fi í sílẹ̀ kí ó máa gbé ìbànújẹ́ náà ní òun nìkan. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún kan náà, Liverpool gbá góòlù kejì ní àfikún ìṣẹ́jú sí West Bromwich, eré sì parí ní méjì sí méjì. Klopp kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ síwájú àwọn òǹwòran, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì tẹríba. Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín pé nítorí ọ̀mì ni ó ṣe ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀mì. Àwọn tí ó dúró ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ wa dúró síbí yìí, yóò rọrùn láti sọ pé gbogbo ẹni tí ó bá dìde kí eré tó parí jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Anfield kan náà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí bí ìjókòó ti ṣe gba pápá náà. Ní ìgbà àtijọ́, ìdúró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà níbẹ̀. Apá tí a ń pè ní Kop ti gba ènìyàn tí ó tó nǹkan bí 30,000 rí lórí ìdúró, owó ìwọlé rẹ̀ kò sì wọ́n. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, ọdún 1989, ìfúnpọ̀ èrò ní pápá Hillsborough ní ìlú Sheffield pa àwọn olólùfẹ́ Liverpool. Àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni ó ti ipa rẹ̀ kú. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Taylor jẹ́ olórí rẹ̀ dá a lámọ̀ràn ní ọdún 1990 pé kí a fi ìjókòó sí gbogbo pápá ńlá. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹrin, ọdún 1994, wọ́n dúró ní Kop fún ìgbà ìkẹyìn. Ìjókòó bí 12,000 ni ó rọ́pò wọn. Ohun tí ó dára ni, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ṣe iyebíye. Ṣùgbọ́n láti ọdún wọ̀nyí wá ni owó ìwọlé ti ń gun òkè lọ, tí ọmọ òṣìṣẹ́ tí baba rẹ̀ ń wọlé pẹ̀lú ṣílè díẹ̀ kò sì lè wọlé mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, àwọn onílé ẹgbẹ́ náà kéde pé ìwé ìwọlé tí ó wọ́n jù nínú ilé ìjókòó tuntun wọn yóò di pọ́ùn 77. Àwọn òǹwòran ṣe ìpinnu. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kejì, nígbà tí Sunderland wá, nǹkan bí 10,000 ènìyàn dìde ní ìṣẹ́jú 77 gan-an, wọ́n sì jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ìgbà ìpàdánù ni wọ́n lọ. Góòlù méjì sí òdo ni ẹgbẹ́ wọn fi ń borí. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde, Sunderland gbá méjì wọlé, eré sì di ọ̀mì. Bóyá ìjáde wọn ni ó fà á, bóyá òun kọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀rí múlẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, àwọn onílé tọrọ àforíjì, wọ́n fagi lé owó tuntun náà, wọ́n sì fi èyí tí ó ga jù sílẹ̀ ní pọ́ùn 59 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìjókòó òfìfo ni ti oṣù Kọkànlá, ìjókòó òfìfo náà ni ti oṣù Kejì. Ojú kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn. Ọkàn ni ó lè fi í hàn. Ẹni ti oṣù Kọkànlá lọ láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìbànújẹ́, ó sì fi ẹrù náà lé àwọn tí ó kù lórí. Ẹni ti oṣù Kejì fi ayọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé ẹrù náà lérí ara rẹ̀ nítorí ẹni tí kò lè rà á ní pọ́ùn 77. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òun kọ̀ láti máa jẹ ní òun nìkan. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ẹni tí ó dìde ni èyí: Ta ni yóò san owó ìdìde rẹ, ìwọ ni tàbí ẹnìkejì rẹ?

Bí a bá fi ìbéèrè yìí wọn irú ìjókòó òfìfo kẹta, a ó rí i pé òun ni ó burú jù, bẹ́ẹ̀ òun ni a kì í sábà bá wí. Èyí ni ìjókòó tí a ti ra, ṣùgbọ́n tí olówó rẹ̀ kò jókòó lé. Ní pápá Wembley tuntun tí a ṣí ní ọdún 2007, àwọn ìjókòó olówó ńlá tí ó yí àárín pápá ká a máa ṣófo nígbà tí apá kejì eré bá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó ni wọ́n ṣì wà nínú ilé níbi tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Roy Keane, balógun Manchester United, ti ráhùn irú èyí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, pé àwọn kan ń mu ọtí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì elédé, wọn kò sì mọ ohun tí ń lọ nínú pápá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a sì máa ka iye ìwé tí wọ́n tà dípò iye ènìyàn tí ó wá, tó bẹ́ẹ̀ tí pápá a fi kún nínú ìwé, tí a ó sì rí òfìfo lójú. Ẹni tí ó fi ìjókòó sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 82 ti jókòó ná. Ẹni tí ó rà á tí kò jókòó ti gba ipò ọmọdé kan tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ síbi ìdíje, ọwọ́ yín ni ọ̀ràn yìí wà jù. Ẹ má ṣe kọ́ wọn pé kí wọ́n dúró nítorí bóyá góòlù kan yóò wọlé. Ẹ kọ́ wọn pé àwọn ọmọ mọ́kànlá tí ó wà nínú pápá yóò gbójú sókè nígbà tí fèrè bá dún, wọn yóò sì wò bóyá ẹnikẹ́ni kù. Nígbà náà, bí a tilẹ̀ borí wọn, kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn, kí gbogbo wa sì jọ máa lọ sílé.