Ìlú Wo Ló Dára Jù? Dára fún Ta?

Lọ́dún 2022, Economist Intelligence Unit to ìlú 172 bí ìgbé ayé inú wọn ṣe dẹrùn tó. Vienna ló ṣíwájú. Èkó ṣe ipò 171. Damascus nìkan ló wà lẹ́yìn wa.

Èmi tí mò ń fi kóòdù jẹun mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í dá to nǹkan. Ẹnìkan ló ń pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa wúwo tó. Wọ́n fún ààbò ní ìdá 25 nínú 100, ẹ̀kọ́ ní 10 péré. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì máa ń fi irú ètò yìí mọ iye tí wọ́n máa fi kún owó òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá rán lọ sókèèrè. Ìbéèrè àlejò nìyẹn, kì í ṣe ti onílé.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Lóru ọjọ́ tí ara ọmọ mi gbóná, aládùúgbò ló fi mọ́tò ẹ̀ gbé wa dé ọsibítù. Kò sí máàkì fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ètò wọn. Àmọ́ ká ní áńbúláǹsì wà, ta ni ì bá jí bàbá olóore yẹn lójú oorun? Oore aládùúgbò ò gbọdọ̀ di àwáwí fún ìjọba. Ipò 171 ò mọ̀ wá tán, ṣùgbọ́n kò parọ́ mọ́ wa.