Ta Ló Bá Ẹrú Dé Òkun?

Ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn ni Òṣíẹ̀lẹ̀ wà. Kó tó di pé orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ gbé ìlú náà jáde, àwọn míṣọ́nnárì CMS láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ibùdó níbẹ̀ láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. William Moore ló ń bójú tó o, tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí London. Púpọ̀ nínú àwọn Sàró, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, tó gbé ìgbàgbọ́ wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló jẹ́ ẹni tí wọ́n ti tà rí, tàbí ọmọ ẹni tí wọ́n tà. Nítorí náà ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú Ifá yìí kì í ṣe àlejò ní Òṣíẹ̀lẹ̀: bí wọ́n bá kó èèyàn lẹ́rú, tó sì yè é, ta ló bá a rìn?

Àwọn òyìnbó tó tètè tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ní ìdáhùn tiwọn. Ní 1676 ni àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kó Mary Rowlandson, ìyàwó pásítọ̀ ìlú Lancaster ní Massachusetts. Ó lo bí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nígbèkùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú ìwé tó kọ, tó jáde ní 1682, Ọlọ́run ló ń nà án kó lè gbọ́n. Pàṣán lásán ni àwọn tó mú un.

Ohùn yìí kan náà wà nínú lẹ́tà tí Àjàyí Crowther, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù, kọ ní 1837. Òṣogùn ni wọ́n ti kó o ní 1821. Ní Ìsẹ́yìn wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin ò tẹ́ni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n sì tú pàṣípààrọ̀ náà ká. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi dé ọwọ́ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Síbẹ̀ Crowther ka ọjọ́ tí wọ́n kó o sí ọjọ́ ire, nítorí ibẹ̀ ni Olúwa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á kúrò nínú ìbọ̀rìṣà. (Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní babaláwo ti sọ nígbà èwe rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bọ òrìṣà kankan, Ọlọ́run ni kó máa sìn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Ifá ló kọ́kọ́ yàn án sí ṣọ́ọ̀ṣì.)

Ẹsẹ Ifá kan nínú odù Ògúndá Méjì mọ ìrìn-àjò yìí. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òòṣà pé èwo nínú wọn ló lè sin ẹni tó ń bọ ọ́ dé òkè òkun láìṣẹ́rí padà. Ṣàngó yára dìde, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dárúkọ Kòso, ilé rẹ̀, fún un, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, orógbó àti àkùkọ, ó jẹ́wọ́ pé bí òun bá ti yó, òun á gba ilé òun lọ. Irá kò jẹ́ kí Ọya lọ, Ìrè kò jẹ́ kí Ògún lọ. Ọ̀rúnmìlà alára ní ilé lókè Ìgẹ̀tí. Orí nìkan ló kù, nítorí Orí kò ní ilé mìíràn yàtọ̀ sí ẹni tó gbé e.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó báni lọ ni ẹsẹ yìí ń wá, kì í ṣe ẹni tó ránni lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Ifá ti yà kúrò lára ti Rowlandson àti Crowther. Ẹnìkan lè ní: ṣé kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn, ìpín tí a kúnlẹ̀ yàn lọ́run, náà ló yan oko ẹrú? Ìbéèrè tó le ni. Ṣùgbọ́n Ifá kan náà ló ní ajogun ń bẹ, elénìní ń bẹ, ayé sì lè ba orí rere jẹ́. Ẹni tó kógun ja Òṣogùn kò lè fi orí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe àwáwí.

Nígbà tí Crowther gbọ́ pé ọwọ́ àwọn Potogí ni òun ń lọ, ó gbìyànjú lóru mélòó kan láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó dàgbà, tó ń kọ lẹ́tà náà, ó tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Olúwa fún ìgbìyànjú yẹn. Ọmọdékùnrin tí wọ́n fi ẹṣin pààrọ̀ ló ń tọrọ ìdáríjì! Ẹni tó bá fi Ògúndá Méjì wo àwọn òru yẹn á rí Orí tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, nígbà tí àwọn òòṣà yòókù ti lọ jẹun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú ìwé. Àwọn Kristẹni Abẹ́òkúta pàápàá ní ẹrú nílé. Nígbà tí àlùfáà James Johnson gbógun tì wọ́n lórí rẹ̀, ìjà ṣẹlẹ̀, wọ́n sì mú un kúrò níbẹ̀ ní 1880. Bí oko ẹrú bá jẹ́ ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà fani sínú ìmọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ kan olówó ẹrú lára? Onífá tó ra ẹrú kò sàn jù wọ́n lọ. Tirẹ̀ tilẹ̀ burú jù, nítorí òun gbọ́ ẹsẹ yìí. Ó mọ̀ pé Orí ẹni tó rà tẹ̀ lé e wọ agbo ilé òun, àti pé owó ẹyọ tí òun san kò ra ìyẹn.