Ta Ló Yẹ Kí Ó Gba Abẹ́rẹ́ Yìí? Ìbéèrè Tó Wà Nínú Ògúndá Méjì

Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ England, gbà kí àwọn dókítà àdúgbò, àwọn tí a mọ̀ sí GP, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ abẹ́rẹ́ Mounjaro fún àwọn tí ara wọn sanra jù. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí há. Ẹni tó máa wọlé lọ́dún àkọ́kọ́ ní láti ní BMI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ara ṣe sanra tó, tó tó 40, kí ó sì tún ní ó kéré tán mẹ́rin nínú àìsàn márùn-ún: ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn òun iṣan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti èémí tó máa ń dúró lójú oorun. Wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú ìwọ̀n yẹn fún àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà, nítorí pé àwọn àìsàn wọ̀nyí máa ń bá wa kí ara wa tó tóbi tó ti òyìnbó. 37.5 ni tiwa. Nǹkan bí 220,000 ènìyàn ni wọ́n ní àwọn máa fún láàárín ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ìlànà NICE, àjọ tó ń pinnu oògùn tí NHS lè náwó lé, kà sí ẹni tó yẹ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ náà ti wọ àárín àwa Yorùbá tó ń gbé London àti Manchester. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwa oníṣẹ̀ṣe náà sì ń sọ ọ́ nídìí Ifá. Ohun tó mú mi gbé kálàmù ni èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan tí wọ́n tẹ́fá bíi tèmi. Wọ́n ní Ògúndá Méjì, ọ̀kan nínú àwọn odù Ifá, ti parí ẹjọ́ náà tipẹ́. Wọ́n ní Orí nìkan ló lè báni dé òpin ìrìn àjò, nítorí náà kí ẹni tó sanra lọ bọ orí rẹ̀, kí ó sì mú ẹnu kúrò lórí oúnjẹ, kí ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣàìsàn gidi. Mo ní ẹbí nínú àwọn tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sí. N kò gbà pé ohun tí Ifá wí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn náà yẹ̀ wò. Wọ́n béèrè nínú gbogbo òrìṣà pé ta ló lè tẹ̀ lé ẹni tó ń sìn ín lọ sí ìrìn àjò tó ré òkun kọjá, tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣàngó ló kọ́kọ́ dáhùn pé òun ni. Wọ́n ní ó dáa, bí ó bá rìn títí tó dé Kòso, tí wọ́n ro àmàlà fún un, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n fi orógbó àti àkùkọ kún un, tó jẹ, tó yó, kí ni yóò ṣe? Ṣàngó kò parọ́. Ó ní òun á padà sílé òun. Ọya dáhùn, wọ́n bi í nípa Irá. Ògún dáhùn, wọ́n bi í nípa Ìrè àti ajá tí wọn yóò pa fún un níbẹ̀. Èsì kan náà ni gbogbo wọn fọ̀, títí tó fi kan Ifá fúnra rẹ̀, tó ní bí òun bá jẹ tòun tán ní Ìgẹ̀tì, ilé ló kù. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó sọ pé Orí ni, nítorí pé babaláwo lè kú kí wọ́n kó Ifá rẹ̀ dànù, oníṣàngó lè kú kí wọ́n kó ẹrù Ṣàngó kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ènìyàn ti ń kú, a kò rí òkú tí wọ́n gé orí rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó sin ín.

Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn òrìṣà yìí ni mo ti ń rò láti oṣù mélòó kan. Kí ló dé tí wọn kò béèrè pé bí ebi bá pa á lọ́nà ńkọ́? Kí ló dé tí wọn kò béèrè pé bí ogun bá dìde, tàbí bí odò bá kún? Yíyó nìkan ni wọ́n fi dán gbogbo wọn wò, láti orí Ṣàngó dé orí Ifá. Àwọn tó ń fi ẹsẹ yìí bú ẹni tó sanra máa ń fo ibí yìí kọjá. Orúkọ Orí ni wọ́n máa ń sáré dé, bí ẹni pé òun nìkan ni ẹsẹ náà wà fún.

Ẹ kíyè sí i pé Ifá kò pe Ṣàngó ní wọ̀bìà. Kò sí òrìṣà kan tí wọ́n bú nítorí ohun tó jẹ. Àmàlà Kòso kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ajá Ìrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn òrìṣà yìí ló mọ ìgbà tí wọ́n yó. Kò sí èyí tó ní òun máa jẹun lọ láìdúró. Bí inú wọn bá ti kún, ọ̀rọ̀ náà dé etí wọn, wọ́n sì dìde. Ifá ka yíyó sí ohun tí ń bá ẹni tó ń jẹun láìjẹ́ pé ó wá a.

Ó sì ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ́ẹ̀. Èròjà kan wà tí ìfun ń ṣe bí oúnjẹ bá ti dé inú rẹ̀. GLP-1 ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ó tó. Èyí tí ara ń ṣe kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tó fi ń tú ká. Èyí tí wọ́n ṣe sínú abẹ́rẹ́ semaglutide, tí a mọ̀ sí Wegovy àti Ozempic, máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára; Mounjaro, tí oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ tirzepatide, tún fi iṣẹ́ èròjà kejì kún un. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021, àwọn tó gba semaglutide fún ọ̀sẹ̀ 68 pàdánù nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé àwọn tí àwọn á jókòó ti abọ́, tí àwọn á sì fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ láìsí pé àwọn ń bá ara àwọn jà. Ẹni tí iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń nà láti ọjọ́ yìí pé kò dáhùn iṣẹ́.

Àwọn alátakò mi á ní Orí ṣáà ni Ifá fà lé wa lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n orí wo? Ògbójú ènìyàn tí ń fi eyín pa ẹnu dé kọ́ ni Ifá ń pè ní Orí. Ọ̀dọ̀ Àjàlá, ẹni tó ń mọ orí, ni a ti yan orí, a kò sì rí inú rẹ̀ nígbà tí a yàn án. Gbogbo wa la mọ ìtàn Oríṣeékú àti Orílèémèrè nínú odù Ogbègúndá. Wọ́n yan orí tó lẹ́wà lójú, òjò pa á lọ́nà, ó jẹ. Ìgbà tí wọ́n dé ilé ayé, wọn kò jókòó. Wọ́n ṣiṣẹ́ kárakára, ṣùgbọ́n orí tó ti jẹ ni èrè iṣẹ́ wọn ń bá lọ. Ẹni tó bá fi Orí na ẹni tó sanra ti gbàgbé àwọn méjèèjì yìí. Mo ti rí obìnrin tó ń gbààwẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tí kò fẹnu kan iyán, tí ara rẹ̀ kò sì dín. Kí ni kí ó tún ṣe fún yín?

Ibi tí ẹsẹ náà ti wá le jù rèé, n kò sì fẹ́ yẹra fún un. Abẹ́rẹ́ yìí fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń padà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé láàárín ọdún kan tí àwọn ènìyàn dá semaglutide dúró, wọ́n ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù padà. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn náà ń padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan lè wá sọ pé ohun tí mo fẹ́ bò mọ́lẹ̀ nìyẹn, pé ohun tí kò lè báni dé òpin kò yẹ lẹ́ni tí à ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó pa Ṣàngó tì nítorí pé ó sọ òtítọ́ nípa Kòso? Ta ló kó Ògún dànù? Ẹsẹ náà jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè báni dé ni, a sì ń bọ wọ́n títí di òní. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a tó fi ẹnikẹ́ni sójú ọ̀nà, kí a bi ẹni tó fẹ́ sìn ín pé níbo ni yóò ti padà.

Ìbéèrè yìí ni ìjọba kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí NICE fọwọ́ sí semaglutide fún sísanra lọ́dún 2023, ọdún méjì péré ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni gbà á mọ. Àìsàn tí ń bá ènìyàn gbé títí ayé, wọ́n fún un ní ọdún méjì! Wọn kò fi irú òpin bẹ́ẹ̀ sí tirzepatide lọ́dún 2024, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Èmi ò rí ìdí tí ti àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ta ló yẹ, ẹni tí àìsàn ti ń fà lọ sí ikú ni mo máa kọ́kọ́ pè, yálà àìsàn kan ni o tàbí mẹ́rin. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 fi hàn pé láàárín àwọn tó sanra tí wọ́n sì ti ní àrùn ọkàn, semaglutide dín ikú láti ọwọ́ ọkàn, ìkọlù ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Àrùn ọkàn nìkan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn, wọn kò ní kí wọ́n lọ wá mẹ́ta sí i. Ẹ wá wo ìyá kan nínú àwa aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí BMI rẹ̀ jẹ́ 38, tí ọkàn rẹ̀ ti dá a dúbúlẹ̀ rí, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Àìsàn méjì ni. Kò sí ibi tó wọ̀ nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí NHS là kalẹ̀. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá wá mú un, ó di mẹ́ta, ọdún kẹta ló máa kàn án. Bí èémí rẹ̀ bá tún ń dúró lójú oorun, wọ́n á ní kí ó máa bọ̀. Mo mọ̀ pé owó ìjọba kò pọ̀ bí omi òkun, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n èmi ò lè pe ìlànà tó ń dúró kí ènìyàn tún bàjẹ́ sí i ní ètò.

Ẹni tó yẹ kí ó dúró ná sì wà. Lọ́dún 2023, oògùn yìí wọ́n gógó débi pé oṣù keje ọdún náà ni ìjọba Britain kọ̀wé sí àwọn dókítà pé kí wọ́n má fi èyí tó wà fún ìtọ̀ ṣúgà ṣe oògùn fífọn mọ́. Àwọn tí wọ́n ń wá aṣọ ìgbéyàwó tí yóò bá wọn lára wà lára àwọn tó ń rà á, àwọn onítọ̀ ṣúgà sì ń wá a kiri. Ẹni tó ti yó ló padà wá gba oúnjẹ ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni iye tí Eli Lilly, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Mounjaro, kọ sórí èyí tó lágbára jù gòkè láti £122 sí £330 lóṣù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Láti ìgbà yẹn, àpò owó ló ń yan ẹni tó yẹ níta NHS. Àwọn tí kò lágbára á sì yà sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta ayédèrú. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ nípa ayédèrú Ozempic tí wọ́n rí ní Brazil, ní Britain àti ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń bí mi nínú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Wes Streeting, tó jẹ́ mínísítà ìlera ìjọba Britain nígbà náà, sọ pé abẹ́rẹ́ yìí lè ran àwọn tó sanra tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì kéde ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún ní Manchester pẹ̀lú Eli Lilly láti wò ó. N kò kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí òrìṣà tí ń gbeni láìjẹ́ pé orí ẹni gbà, gbogbo ọmọ awo ló mọ èyí. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí owó orí tí ìjọba máa rí gbà ni a fi yan ẹnìkan, kí ni a máa ṣe fún ìyá arúgbó tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láé? Kí ni a máa sọ fún ẹni tó ní àìsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí èébì àti inú rírun tí abẹ́rẹ́ náà máa ń fà sì mú kí ó ní òun kò ṣe mọ́? Ẹ bi orí onítọ̀hún léèrè. Bí ó bá ní rárá, ó tán.

Sí àwa ará ilé náà: ẹ jẹ́ ká dẹ́kun bíbi ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí pé ṣé kò sí o, kí ló ń jẹ ẹ́ tó fi rù báyìí. Kí babaláwo tó bá dÍfá fún un sì béèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ pẹ̀lú, kí ó tó ka èèwọ̀ oúnjẹ fún un.

Àwọn tó wọlé lọ́dún 2025 ti ń gba abẹ́rẹ́ wọn lọ́wọ́ báyìí. Ọdún mẹ́ta ni NHS fi lélẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí ọdún kẹta tó pé ni ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn ní ọdún kẹrin, àti ọdún kẹwàá, àti ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.