Ìfura àti Ìdájọ́ Ìwàǹwára



Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ìfura loògùn àgbà." Òtítọ́ ni. Síbẹ̀, Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ wa, lábẹ́ Òfin Kẹjọ, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a ka ọmọnìkejì wa sí ẹlẹ́bi láìsí ìdí tí ó tó. Báwo ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe lè bá ara wọn mu? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ó dé bá èmi fúnra mi nínú ilé Fadá ní Ìlémọ̀nà yìí, nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo ṣàkíyèsí pé dátà tí a rà fún oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí oṣù tó dé ìdajì. Mo fura pé àwọn tí a kò fún láyè ń lò ó láti ẹ̀yìn odi. Nítorí náà mo pààrọ̀ password Wi-Fi wa, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo tẹ ọ̀rọ̀ tuntun náà sínú fóònù mi, mo sì lọ sùn.

Nígbà tí ó di Àbámẹ́ta, tí mo jókòó láti ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo pa á, mo tún un tàn, pàbó ni. Mo wo ẹ̀rọ tí ń tan íntánẹ́ẹ̀tì ká ilé, iná rẹ̀ ń tàn. Mo kọ́kọ́ bínú sí àwọn tí ń ta dátà fún wa. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó lo kọ̀ǹpútà náà ní ọjọ́ Ẹtì. Mo pè é jáde láàrin àwọn akọrin, mo sì wí fún un pé ó ti ba ohun ìní Ìjọ jẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Fadá, orin nìkan ni mo tẹ̀ síbẹ̀." N kò gbọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò fi ìbínú dá mi lóhùn. Ó tọrọ fóònù mi, ó pa dátà ti orí fóònù náà, kí ó lè dá a lójú pé Wi-Fi nìkan ni fóònù ń lò. Fóònù wọlé. Ó ní, "Fadá, bí fóònù bá wọlé, a jẹ́ pé àwọn tí ń ta dátà kò ṣe nǹkan, ẹ̀rọ inú ilé náà kò sì ṣe nǹkan. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ni kí á wá a lọ. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ password láìpẹ́ ni?"

Ẹnu mi wọhò. Kọ̀ǹpútà a máa fi ọ̀rọ̀ àṣírí tí a ti fún un pamọ́. Èyí àtijọ́ ni ó sì ń fi kan ilẹ̀kùn tí èmi fúnra mi ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó mú kí kọ̀ǹpútà gbàgbé Wi-Fi náà, ó tún yàn án, ó sì yí ojú kúrò kí n lè tẹ ọ̀rọ̀ tuntun. Ó wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wò ó, ará, ìfura méjì ni mo fu. Èkíní mú kí n ti ilẹ̀kùn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí ni oògùn àgbà. Èkejì dárúkọ ènìyàn kí ó tó wádìí. Májèlé ni èyí.

Tómásì Mímọ́ ti Aquino, tí ó kú ní ọdún 1274, kọ́ wa pé ìpele mẹ́ta ni irú ìfura bẹ́ẹ̀ ní. Èkíní ni kí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣiyèméjì nípa ìwà rere ẹlòmíràn nítorí àmì kékeré. Èkejì ni kí a gbà pé ó dájú pé ẹni burúkú ni. Ẹ̀kẹta ni kí onídàájọ́ dá a lẹ́bi lórí ìfura lásán. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ni èkíní, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá wúwo, èkejì di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ẹ̀kẹta sì lòdì sí òdodo gan-an. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi ti gun àkàsọ̀ yìí dé òkè. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní tèmi, kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó rojọ́ fún mi kí n tó dá a.

Ẹnì kan lè wí pé, "Bí a bá ń ro rere sí gbogbo ènìyàn, àwọn ẹni burúkú yóò tàn wá jẹ." Tómásì Mímọ́ dá a lóhùn pé ó sàn kí a máa ṣìnà nígbà púpọ̀ nípa ríro rere sí ẹni burúkú, ju kí a ṣìnà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nípa ríro ibi sí ẹni rere, nítorí èyí ni ó ń ṣe ọmọnìkejì ní ibi. A lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ayé láìpe ẹnì kan ní olè.

Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1992 kọ́ wa pẹ̀lú pé ẹni tí ó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́ ní láti tún un ṣe. Gbangba ni mo ti bá ọmọ náà wí. Bí mo bá tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀, ìdajì gbèsè ni mo san. Nítorí náà, nígbà tí àwọn akọrin tún péjọ, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Kò rọrùn fún mi.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá, bí owó bá sọnù nínú ilé, bí nǹkan bá bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó dárúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, "Kí ni èmi fúnra mi ti ṣe?" Bí ẹ bá sì ti dárúkọ rẹ̀ láìtọ́, ẹ lọ tún orúkọ náà ṣe lójú àwọn tí ó gbọ́, kí ẹ tó wá síbi tábìlì Olúwa.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ń wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀. Àmín.