Ta Ló Bá Ọmọ Kékeré Dé Ilé Àjàlá?

Ẹni tó bá dúró nírọ̀lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn pápá oníyẹ̀pẹ̀ tó wà ní Mowe, Ibafo tàbí Ifo yóò rí i pé bí wọ́n ṣe ń ṣa ọmọ kò gba àkókò rárá. Àwọn ọmọ á tò, kóòṣì á fi ojú wọ̀n wọ́n, á na ìka sí àwọn tó ga, àwọn tí àyà wọn fẹ̀, àwọn tí itan wọn le. Ọmọ kúkúrú tó wà lẹ́yìn ti lè máa gbé bọ́ọ̀lù lórí itan láti ọ̀sán, wọ́n á ní kó lọ jẹun sí i, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù kò tíì kan ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí pápá nígbà yẹn. Ìdájọ́ náà yá jù, àmọ́ kì í ṣe ìwà ìkà lásán; èrò kan wà nídìí rẹ̀, èrò náà sì ju ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ara ni kádàrá, pé ohun tí Ọlọ́run máa fi ọmọ kan ṣe ti hàn nínú gígùn egungun rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn: ṣé ọmọ tó kéré lára lè fi eré ìdárayá jẹun láàárín àwọn òmìrán, ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún un pé kò lè ṣe é?

Àwọn baba ńlá wa ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Yorùbá. Nínú ohun tí Ifá kọ́ wọn, ara ènìyàn àti ìpín rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Òrìṣà-ńlá ló ń mọ ara. Òun ló ń na egungun ẹni tó ga, òun ló ń dín ti ẹni tó kúrú kù, òun náà ló mọ aràrá, abuké àti àfín, ìdí nìyí tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí a kì í sì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara bá ti parí, tí Olódùmarè sì ti fi ẹ̀mí sí i, ni ẹ̀dá tó máa ń kọrí sí ilé Àjàlá, amọ̀kòkò ọ̀run, láti lọ yan orí. Ilé iṣẹ́ méjì ni, oníṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá wo gíga ọmọ, tó sọ pé òun ti rí òpin rẹ̀, iṣẹ́ Òrìṣà-ńlá ló ń wò tó ń pè ní ti Àjàlá. Ìtàn Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílééméèrè, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé fún wa, mú ọ̀rọ̀ náà gún sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí, tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, gbé orí tó wù wọ́n lójú, òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, amọ̀ tí kò jinná bẹ̀rẹ̀ sí í bó lulẹ̀. Àjàlá fúnra rẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán: onígbèsè ni, inú àjà ló ń sá pamọ́ sí fún àwọn tó ń sin ín lówó. Bí ẹni tó dúró níwájú ìkòkò gan-an lọ́run kò bá lè fi ojú lásán mọ èyí tó jinná, báwo ni kóòṣì Mowe ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n láti ayé? Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Orí rere náà kì í wú.

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́run, ká wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Tobi Amusan sí lọ́dún 1997, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Mowe wà. (Orúkọ rẹ̀ lódindi ni Olúwatóbilọ́ba, ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ lè ṣe é.) Gíga rẹ̀ kò ju mítà 1.56 lọ. Iṣẹ́ tó yàn ni eré mítà 100 tí àwọn obìnrin ti ń fo igi mẹ́wàá, iṣẹ́ tí ẹni tó ń fi ojú wọ̀n ọmọ kò ní yàn fún un láéláé. Kò sí ìsọ̀rí àwọn kúkúrú níbẹ̀. Igi kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 83.8 fún gbogbo wọn. Fún obìnrin tó ga ní mítà 1.75, igi yẹn kò tó ìdajì gíga rẹ̀; fún Amusan, ó lé ní ìdajì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ní Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje àgbáyé, ó sá eré náà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Obìnrin kankan kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 tí Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà sá lọ́dún 2016 ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ó sá 12.06 nínú àṣekágbá, ó gba wúrà. Afẹ́fẹ́ tó ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn pọ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi kọ 12.06 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó yára jù láyé.

Ibi tó yẹ ká dúró sí, ká wò dáadáa, ni àárín igi méjì. Mítà 8.5 ni. Ẹni tó ń sáré á gbéra ní nǹkan bíi mítà méjì kó tó kan igi, á sì balẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó kù fún un láàárín kò ju nǹkan bíi mítà márùn-ún àtààbọ̀ lọ, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló sì gbọ́dọ̀ fi kọjá níbẹ̀, torí bó bá di mẹ́rin, ẹsẹ̀ òdì ni yóò fi gbéra. Ẹ pín in wò: ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó mítà méjì. Obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń sáré bí ìjì, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ń ju mítà méjì lọ lójú ọ̀nà gbalasa, ní láti ká ẹsẹ̀ kò níbẹ̀ bí àgbàlagbà tó jókòó sórí àga ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kò ní ohun tó máa ká kò. Á nà án tán, á sì máa yára pààrọ̀ ẹsẹ̀. Lórí igi, gíga jẹ́ àǹfààní. Láàárín igi, ó lè di ẹrù. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ nìyí: ara kì í kéré lásán. Iṣẹ́ kan pàtó ló máa ń kéré fún, iṣẹ́ náà sì ní apá tó pọ̀ ju èyí tí ojú kọ́kọ́ rí lọ. Igi ló ń pe ojú òǹwòran. Àlàfo kì í pe ẹnikẹ́ni. Kóòṣì Amusan, Lacena Golding-Clarke ará Jàmáíkà, gba wúrà eré yìí kan náà nínú ìdíje Commonwealth lọ́dún 2002. Ó ti sáré nínú àlàfo náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n á ní igi kan kò lè dá igbó ṣe, pé fún Amusan kan, ọmọ kúkúrú tó ti padà sílé kò lóǹkà. Òótọ́ ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, Muggsy Bogues tó ga ní mítà 1.60 ṣeré fún sáà mẹ́rìnlá láàárín àwọn tí orí rẹ̀ kò kọjá àyà wọn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tó kúrú tó o kò tíì sí nínú ìtàn NBA. Agbọ̀n tí wọ́n gbé kọ́ sí mítà 3.05 kì í ṣàánú. Hakeem Olajuwon ọmọ Èkó kò nílò ẹni tó máa kọ àròkọ gbèjà rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tilẹ̀ ti kọ ẹjọ́ náà sínú òfin: Hogan Bassey ọmọ Calabar gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́dún 1957 ní ìsọ̀rí àwọn tí kò ju nǹkan bíi kílò 57 lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kó lọ bá ẹni kílò 100 jà. Nínú eré gbígbé irin, Adijat Olarinoye gba wúrà Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022 ní ìsọ̀rí kílò 55. Irin kílò 111 ló gbé sókè orí, ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìsọ̀rí, a kò ní mọ orúkọ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó ta ko èmi gan-an jù wá láti Ṣàgámù. Anthony Joshua, akànṣẹ́ tí ìdílé rẹ̀ ti ibẹ̀ wá, ga ní mítà 1.98. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, Andy Ruiz tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kúrú jù ú lọ gbé e ṣánlẹ̀ ní New York, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pariwo pé gíga kò já mọ́ nǹkan mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn wọ́n tún pàdé ní Saudi Arabia. Joshua dúró jìnnà, ó na ọwọ́ gígùn rẹ̀, Ruiz kò sì rí i mú títí ìpele kejìlá fi parí. Nígbà tí ẹni gíga bá ti kọ́ bí a ṣe ń lo gíga, ẹni kúkúrú á san owó rẹ̀. Nítorí náà n kò sọ pé ìtóbi kò ṣe nǹkan kan. Owó orí ni, ojoojúmọ́ sì ni ẹni tó kéré ń san án. Ohun tí mo sọ ni pé iye rẹ̀ yàtọ̀ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè pe iye náà kí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ kan pápá.

Kóòṣì á dá mi lóhùn pé ogún aṣọ ni òun ní, igba ọmọ ló wá, òun kò sì ní àkókò ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Òwe sì wà lẹ́yìn rẹ̀: ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Mo gba òwe náà, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ohun tí ẹnu ń ṣe ló ń wò, kò wọn ẹnu. Yàtọ̀ sí èyí, ìwọ̀n ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kì í sábà sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà. Ọjọ́ orí ló ń sọ. Ẹni tí irùngbọ̀n ti ń hù láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó tètè bàlágà, ó sì lè jẹ́ ẹni tó gé ọdún rẹ̀ kù. Ọdún 2009, nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ, ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níbi ìdíje náà, torí ojú kò lè sọ òtítọ́ mọ́. Ẹni tó ń fi ìtóbi ṣa ọmọ lè máa fi òótọ́ inú ṣa irọ́ ọjọ́ orí jọ. Wọ́n tún máa ń dárúkọ Messi láti fi tu ọmọ kúkúrú nínú. Wọn kì í fi kún un pé ara rẹ̀ ṣàìsàn àìdàgbà, pé abẹ́rẹ́ ló fi dé mítà 1.70, àti pé Barcelona gbà láti sanwó abẹ́rẹ́ náà. Ẹni tó bá sọ ìtàn yẹn fún ọmọ Ifo láìmẹ́nu kan owó ń tan ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó wúlò fún wa níbẹ̀ ni pé wọ́n jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó ṣe ìpinnu.

Ní agbègbè wa, ọ̀rọ̀ yìí kò lè yọ àwọn ilé ìjọsìn sílẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láti Prayer City tó wà ní Ibafo títí dé Redemption City, ọmọ wo ni kò tíì gbọ́ ìwàásù Dáfídì àti Gòláyátì? Ohun tó máa ń kù sọ́kàn ọmọ lẹ́yìn ìwàásù náà ni pé Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni kékeré. Ìtàn náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀ torí kò tíì dán an wò rí. Kànnàkànnà tó mọ ọwọ́ rẹ̀ ló mú, kò sì sún mọ́ ibi tí ọ̀kọ̀ òmìrán lè dé. Àlàfo ló fi jà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, nílé Jésè, bàbá Dáfídì, tí àwọn oníwàásù kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Sámúẹ́lì ni kóòṣì ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ tò, wòlíì rí Élíábù tó ga, ó ti fẹ́ na ìka, Ọlọ́run sì dá a dúró pé kó má wo gíga. Wọn kò tilẹ̀ pe àbíkẹ́yìn wá sórí ìlà. Ìdí àgùntàn ló wà. Ọba tí wọ́n ń wá ẹni tó máa rọ́pò, Sọ́ọ̀lù, ló fi èjìká ga ju gbogbo Ísírẹ́lì lọ. Bí wòlíì bá lè fi ojú ṣìnà báyìí, aṣìṣe kóòṣì kì í ṣe ohun ìyanu. Ohun ìyanu ni pé kò sẹ́ni tó ń dá a dúró.

Ẹlòmíràn, bóyá Mùsùlùmí, bóyá onífá, á ní bó bá wà nínú kádàrá ọmọ náà, kóòṣì kankan kò lè dí i lọ́nà, kí la wá ń jiyàn sí? Ifá kò fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Orí kò dá ṣe é; ẹsẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí Abímbọ́lá ṣàlàyé pé ó dúró fún ìṣe àti akitiyan ẹ̀dá. Orí tó dára jù nílé Àjàlá kò ní rin ìrìn kankan bí ẹsẹ̀ kò bá gbé e. Ẹni tó bá sì dènà de ẹsẹ̀ ọmọ kò lè padà wá sọ pé orí ọmọ náà ni kò gbé e. Ìyẹn kì í ṣe kádàrá mọ́, ìdájọ́ rẹ̀ ni.

Ní Paris lọ́dún 2024, Amusan kò wọ àṣekágbá Òlíńpíìkì; ìpele tó ṣáájú rẹ̀ ló parí sí. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, lórí pápá kan ní Mowe, àlàyé ì bá ti wà nílẹ̀: ó kúrú jù. Ṣùgbọ́n mítà 1.56 kan náà ló gbé lọ sí Eugene, òun náà ló sì gbé lọ sí ìdíje àgbáyé ní Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, níbi tó ti sá 12.29 tó gba fàdákà. Ditaji Kambundji ará Switzerland tó gba wúrà sá 12.24. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì lẹ́yìn igi mẹ́wàá kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.