Lennox Lewis àti Òṣùwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Akọni

Níbikíbi tí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún bá jókòó sí, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sì bọ́ sílẹ̀, àríyànjiyàn kì í pẹ́ dé. Ta ni ó tóbi jù nínú gbogbo àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò hẹ́fíwéètì tí ayé ti rí? Muhammad Ali ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn àgbà á ní Joe Louis ni. Àwọn tí wọ́n fi tẹlifíṣọ̀n mọ ẹ̀ṣẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1988 á ní kò sí ẹni tí ó lè dúró níwájú Mike Tyson. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ó máa ń fa ariwo jù ni ti Lennox Lewis. Àwọn kan ní kí ó wà nínú márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn mìíràn ní kò yẹ kí ó wọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwa rò pé ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n fẹnu kò ni pé òṣùwọ̀n tí kálukú mú lọ́wọ́ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí kì í ṣe abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nìkan ni à ń wọ̀n láyé.

Ìlú London ni wọ́n ti bí Lewis ní ọdún 1965, ará Jàmáíkà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá ni ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Kánádà. Kánádà ni ó ṣojú fún ní Ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1988 ní Seoul, níbi tí ó ti na Riddick Bowe ará Amẹ́ríkà ní ìjà àṣekágbá, tí ó sì gba wúrà. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti máa fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun. Ìjà 44 ni ó jà: ó borí nínú 41, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ó ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀mejì yẹn ni àwọn tí kò gba tirẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994, ní Wembley, Oliver McCall fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e délẹ̀ ní abala kejì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ní Brakpan lẹ́bàá Johannesburg, Hasim Rahman ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní abala karùn-ún. Kò sì sí ẹni tí ó ka McCall tàbí Rahman sí òmìrán. Ti Brakpan tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ìlú náà wà lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Rahman ti tètè dé ibẹ̀ kí ara rẹ̀ lè mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Lewis lọ ṣeré nínú fíìmù Ocean's Eleven ná, kí ó tó wá dé. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo lè gbé ṣubú, báwo ni yóò ṣe bá Ali àti Louis jókòó? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń bi wá.

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n fi ṣíwájú rẹ̀. Joe Louis jókòó lórí àga láti ọdún 1937 títí di 1949, ó sì gbèjà rẹ̀ nígbà 25. Síbẹ̀ Max Schmeling ará Jámánì ti nà án délẹ̀ ní ọdún 1936, ní abala kejìlá. Ní ọdún 1938 wọ́n tún pàdé, abala kìíní kò parí tí ọ̀rọ̀ fi tán. Ali náà fìdí rẹmi lọ́wọ́ Joe Frazier ní 1971 àti lọ́wọ́ Ken Norton ní 1973, ó sì padà borí àwọn méjèèjì. Nínú àwọn ọba hẹ́fíwéètì àtijọ́, Rocky Marciano ni wọ́n máa ń tọ́ka sí pé ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ rí: ìjà 49, ó borí nínú gbogbo wọn, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1956. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n Joe Louis tí ó nà ní 1951 ti pé ọmọ ọdún 37, Jersey Joe Walcott tí ó gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1952 sì ti pé 38.

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ irú ìwé mímọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni ọ̀gá máa ń kọ fọ́ọ̀mù lórí ọmọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní ìgbéga. Òṣìṣẹ́ kan wà tí kò gba fáìlì líle rí. Bí wọ́n bá ti gbé e dé, ara rẹ̀ kò ní yá. Fọ́ọ̀mù tirẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ẹnìkejì rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo fáìlì líle fún. Ó yanjú ogójì, méjì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Méjì yẹn ni ọ̀gá yóò rí kọ. A kò sọ pé Marciano sá fún ẹnikẹ́ni o, àwọn tí ìgbà rẹ̀ gbé wá ni ó bá jà. A kàn ń sọ pé ìwé tí kò lábàwọ́n kò tíì sọ fún wa bí iṣẹ́ náà ti le tó.

Àwọn ọ̀dọ́ ní òṣùwọ̀n tiwọn: bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ta ni yóò borí? Lewis ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì márùn-ún, ó sì wọ̀n ju kílò 110 lọ ní ìgbẹ̀yìn. Marciano kò ju bí i kílò 84 lọ. Bí a bá fi ọkàn sọ wọ́n sójú ìjà kan náà, Marciano á fara pa. Bí ìyẹn bá sì jẹ́ òṣùwọ̀n, a jẹ́ pé dẹ́rẹ́bà tí ń wa bọ́ọ̀sì alẹ́ tóbi ju àwọn baba wa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Òkè Ọya pẹ̀lú ẹrù lórí.

Òṣùwọ̀n tí àwa gbà ni ti gbèsè. Bí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò bá fẹ̀yìn tì, ẹ béèrè ohun tí ó kù lọ́rùn rẹ̀: ta ni ó nà án tí kò padà lọ bá, ta ni ó yẹ kí ó bá jà tí ó yẹra fún? Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Lewis wo ẹ̀yìn lẹ́yìn ìjà McCall, ó sì rí i pé Emanuel Steward ni olùkọ́ tí ó kọ́ McCall bí yóò ṣe mú òun. Steward yìí náà ni ó lọ gbà ní olùkọ́, wọ́n sì jọ wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ rò ó wò ná. Mélòó nínú wa ni ó lè tọ ẹni tí ó fi ọgbọ́n lé ọ̀tá wa lọ́wọ́ lọ, kí a ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá kọ́ èmi náà"? Lójú tiwa, ohun tí ó tóbi jù tí Lewis ṣe nìyí, kì í sì í ṣe ojú ìjà ni ó ti ṣe é.

Ní oṣù Kejì ọdún 1997 ó tún pàdé McCall ní Las Vegas. McCall bú sẹ́kún lójú ìjà, kò jà mọ́, rẹfirí sì dá ìjà dúró ní abala karùn-ún. Kò dùn-ún wò, ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi yangàn. Ṣùgbọ́n Lewis lọ. Rahman ní tirẹ̀ fẹ́ lọ bá ẹlòmíràn jà. Lewis gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí ó lè mú àdéhùn ṣẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2001, abala kẹrin ni Rahman dé tí ọwọ́ ọ̀tún fi tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ọ̀mì kan ṣoṣo yẹn náà, pẹ̀lú Evander Holyfield ní New York ní oṣù Kẹta ọdún 1999, tí àwọn òǹwòran pariwo lé àwọn adájọ́ lórí nítorí rẹ̀, kí ọdún tó parí ni wọ́n tún un jà, tí Lewis sì borí. Gbogbo bẹ́líìtì pàtàkì wá wà lọ́wọ́ kan ṣoṣo. Ó di ọdún 2024 kí ẹlòmíràn tó tún kó wọn jọ bẹ́ẹ̀ ní hẹ́fíwéètì, ìyẹn Oleksandr Usyk ará Ukraine.

Àwọn tí wọ́n sá fún un ńkọ́? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, Bowe ju bẹ́líìtì WBC sínú garawa ìdọ̀tí níwájú àwọn oníròyìn dípò kí ó bá Lewis jà. Títí di òní àwọn kan ń fi Lewis ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú ìdọ̀tí ni ó ti rí oyè. Ṣùgbọ́n lọ́rùn ta ni gbèsè yẹn wà, ẹni tí ó jù ú ni tàbí ẹni tí ó dúró dè é? Ti Tyson kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Lewis gba mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là láti yàgò kí Tyson lè bá ẹlòmíràn jà ná, a kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Ìgbà tí wọ́n wá pàdé ní Memphis ní oṣù Kẹfà ọdún 2002, tí Tyson ṣubú ní abala kẹjọ, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní ó ti darúgbó. Wọ́n gbàgbé pé Lewis ni ó fi bí oṣù mẹ́wàá dàgbà jù ú lọ!

Orúkọ kan tún wà nínú ìwé Lewis tí etí wa mọ̀: Henry Akínwándé, tí ó ga jù ú lọ, tí ó sì yọ̀ǹda bẹ́líìtì WBO tirẹ̀ kí ó lè bá a jà ní oṣù Keje ọdún 1997. Ọmọ wa dì mọ́ Lewis lọ́rùn títí rẹfirí fi lé e kúrò nínú ìjà ní abala karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún ń fa Lewis sẹ́yìn, ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí ìdálẹ̀ ni yóò yé jù. Bí ó ti gba wúrà fún Kánádà, tí ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ará ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tètè gbà pé tàwọn ni. Nígbà tí ó bá Frank Bruno jà ní Cardiff ní 1993, London ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n Bruno ni àwọn èrò ń kọrin fún. Ọmọ wa náà ńkọ́, tí wọ́n ń pè ní Bayarabe níbí, tí wọ́n sì ń pè ní ọmọ Òkè Ọya bí ó bá délé? Ẹni tí ìlú méjì bá jọ ni, tí ìkankan kò gbé oríkì rẹ̀ ga, ipò rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ lẹ́nu aráyé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ fi ṣe wọ́n.

Gbèsè kan wà tí Lewis kò san. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2003, ó bá Vitali Klitschko jà ní Los Angeles. Lẹ́yìn abala mẹ́fà, Klitschko ni ó ń léwájú lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ya lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́ Lewis tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi dá ìjà dúró. Ẹ̀ṣẹ́ ni ó ya ojú náà, nítorí náà Lewis borí ní ẹ̀tọ́. Gbogbo ayé ń retí àtúnjà. Oṣù Kejì ọdún 2004, Lewis kéde pé òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ọdún 38, kò sì sí òfin tí ó fi ipá mú un. Ọgbọ́n ni àwọn kan pè é, ó sì lè jẹ́ ọgbọ́n fún ara rẹ̀. Àwa kà á sí gbèsè síbẹ̀.

Ipò karùn-ún ni a fi í sí, lẹ́yìn Ali, Louis, Jack Johnson àti Larry Holmes. Tyson wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ká ní ó tún bá Klitschko jà ni, tí ó sì borí, à bá gbé e sí ẹ̀kẹta.

Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, ńkọ́? Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n á ní kí a bá wa gbé e sókè. Andy Ruiz nà án ní New York ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ó sì san án padà ní oṣù Kejìlá ọdún náà gan-an. Ìwà Louis àti ti Lewis nìyẹn. Usyk nà án ní 2021, ó padà lọ bá a ní 2022, kò rí i mú. Ní 2024, Daniel Dubois dá a délẹ̀ ní Wembley ní abala karùn-ún. Nínú mẹ́wàá wa, kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń bínú sí wa lórí èyí, wọ́n ní a kò fẹ́ràn ilé. A fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá bá wọ inú mẹ́wàá náà, a fẹ́ kí ará Amẹ́ríkà tí ó bá ka orúkọ rẹ̀ lè gbà pé kì í ṣe torí pé Olúwafẹ́mi ni orúkọ náà ni a ṣe kọ ọ́ síbẹ̀.